Rímù EMPI fún Ìjàpá bàbá mi: ṣọ́ọ̀bù kan bà á jẹ́, bàbá kan lẹ́yìn Ladipo tún un ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Ìjàpá nílé, Volkswagen ni mò ń wí o, tẹ́ ẹ fẹ́ bọ́ rímù irin ẹsẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ fi álọ́ì, ìyẹn rímù alumíníọ̀mù, ayé àtijọ́ sí i, ẹ dákun ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo gbé tèmi lọ. Àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di páńtí, mi ò ní dárúkọ wọn torí mi ò lówó lọ́yà. Èkejì, bàbá kan ni, lẹ́yìn Ladipo, ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Mushin, kò ní sáìnbọ́ọ̀dù, kò sí lórí Instagram, òun náà sì ní kí n má gbé orúkọ òun síta torí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti ju ọwọ́ òun lọ. Ẹ ò ní rí orúkọ níbí nìyẹn, àmọ́ ẹ máa rí ohun tí ojú mi rí, ẹ fi wo ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé tiyín fún.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti mọ́tò. 1978 ni wọ́n tò ó ní Ojo níbí, nílé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Badagry, èyí tí wọ́n ṣí ní 1975, ibi táwọn kọ́ndọ́kítọ̀ ọkọ̀ ṣì ń pè ní "Vóòs! Vóòs!" dòní bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjàpá kankan ò jáde níbẹ̀ mọ́. Tíṣà ni bàbá mi l'Abẹ́òkúta nígbà tó rà á, ó fi gbé wa lọ síléèwé, ó fi kó iṣu láti oko, gbogbo ẹni tó bá ń ṣègbéyàwó ládùúgbò wa ló sì ń wá yá a gbé ìyàwó. Nígbà tó fi máa kàn mí, ilẹ̀ ẹ̀ ti dógùn-ún, ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́, mo tún gbogbo ìyẹn ṣe díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó wá ku ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló rí rímù náà lọ́wọ́ òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń kó ẹrù gáréèjì ẹ̀ tà. EMPI onísípóòkù mẹ́jọ, ìyẹn ọ̀pá mẹ́jọ láti àárín dé etí, mẹ́rin pé, ínṣì 15, fífẹ̀ ẹ̀ ínṣì márùn-ún àbọ̀. Ẹni tí ò bá mọ EMPI, ará California ni wọ́n, Joe Vittone tó ń ta Volkswagen ní Riverside ló dá a sílẹ̀ láwọn ọdún 1950, ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fẹ́ kí Ìjàpá máa sáré kó sì máa gbáfẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí wọ́n fẹ́ fún wọn. Èèyàn ṣì lè ra irú ẹ̀ ní tuntun lónìí o, àmọ́ ti àtijọ́ lojú mi wà lára ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léra wọn bí abọ́ nínú dúróòmù tí wọ́n fi ń kó ẹrù wálé, ó fi aṣọ ọmọ àti ọṣẹ há àárín wọn, kò sì sí èyí tó fọ́ nínú wọn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀dà tó wà lára ẹ̀ ti ń ṣí, etí ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín amutábà, ohun tó ṣe é ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má ra rímù kankan láìwọn ihò bóòtì. Ìjàpá tiwa yìí, bóòtì mẹ́rin ló ní, láti àárín ihò kan dé àárín ìkejì ẹ̀ tó dojú kọ ọ́ jẹ́ mìlímítà 130. Púpọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ tó ṣáájú mọ́dẹ́ẹ̀lì 1968 ní márùn-ún, tiwọn sì fẹ̀ gan-an, 205, kò sọ́gbọ́n tẹ́ ẹ fẹ́ dá tó máa fi gba ara wọn. Mo mọ ẹnì kan tó ra rímù Golf, èyí tí tiẹ̀ jẹ́ 100, ló bá ní kí wẹ́dà lu ihò tuntun sí i. Kò tíì kú, Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọ.

Ó yá, ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Ibẹ̀ mọ́ lójú, ẹ gbọ́ o, ẹ̀rọ amúlétutù wà, gbogbo ọmọṣẹ́ wọ aṣọ kan náà, wọ́n gbé Maltina tútù fún mi kí n tó jókòó. Mánijà wọn ní ọjọ́ mẹ́ta péré, ₦200,000 fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, máa rí i bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde nínú páálí. Mo sanwó. Lọ́jọ́ kejì mo ń kọjá ládùúgbò yẹn mo ní kí n yà wò wọ́n, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé torí ibẹ̀ ni mo rí ààyè páàkì sí, ni mo bá rí rímù mi kan nínú páànù dúdú, ó ń hó yaya, èéfín ń jáde lórí ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ro àmàlà, kò sì síná lábẹ́ ẹ̀. Mo bi ọmọ tó dúró tì í pé kí lẹ fi sí i. Ó ní kọ́sítíìkì sódà ni, pé òun ló ń yára ṣí ọ̀dà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá bàbá mi ṣe ọṣẹ tà títí tó fi kú. Ohun àkọ́kọ́ tó máa kọ́ ọmọ tó bá fẹ́ bá a po kọ́sítíìkì ni pé kò gbọ́dọ̀ fi ìkòkò alumíníọ̀mù pò ó, torí ó máa jẹ ìkòkò náà lu. Ike ni, àbí irin. Kí sì ni rímù EMPI? Alumíníọ̀mù ni! Ohun tó ń hó yẹn kì í ṣe ọ̀dà, ara rímù gan-an ló ń yọ́ lọ. Mo pariwo, wọ́n fi ìwọ̀ yọ ọ́ jáde, ojú ẹ̀ ti dúdú, ó sì ti rí wúruwùru bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Wọ́n ti fi méjì sí i ṣáájú, èyí ni ìkẹta. Ìkẹrin nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ wọn, torí páànù ò gbà ju ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Mánijà bẹ̀ mí, ó ní àwọn máa fi nǹkan dí gbogbo ẹ̀. Èmi náà ya òmùgọ̀, mo gbà. Wọ́n fi fílà, ohun tí àwọn tó ń ṣe bọ́dì mọ́tò fi ń dí kòtò, lẹ̀ ẹ́, wọ́n fọ́n ọ̀dà sílífà àti dúdú sí i, ó dán, mi ò purọ́, fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà ṣì wà lójú ìwé wọn, èèyàn púpọ̀ ti tẹ ọkàn pupa sí i. Wọ́n fi bóòtì tó ti wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò tẹ́lẹ̀ dè é, wọ́n fi ìbọn afẹ́fẹ́ rọ̀ ọ́ kra-kra-kra, ó tán.

Bí mo ṣe jáde ni mo rí i pé ọwọ́ sípídómítà ò gbéra. Ẹni tó bá mọ Ìjàpá mọ̀ pé inú họ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n ń de rímù mọ́, ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì ni wáyà sípídómítà gbà jáde, ojú ẹ̀ onígun mẹ́rin wọnú ìdérí girísì, píìnì kékeré kan ló dì í mú níta. Wọ́n ti fi òòlù ṣí ìdérí yẹn láìyọ píìnì. Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń bọ̀ láti Ìyànà-Ìpájà, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, mo kọ́kọ́ rò pé kòtò ni, ìgbà tí ohùn kan wá ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ lábẹ́ mi mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bóòtì méjì lẹ́sẹ̀ iwájú, ìka ọwọ́ mi ni mo fi yí wọn. Ìka ọwọ́! Orí ìyá mi ló kó mi yọ. Mo pè wọ́n, mánijà ní, "Ọ̀gá, mọ́tò àtijọ́ ni tiyín, kò sóhun tá a fẹ́ ṣe sí i." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ jókòó níwájú ẹ̀rọ amúlétutù wọn kí wọ́n tó dá ìdajì owó padà.

Mẹkáníìkì mi ló wá ní kí n gbé e lọ bá Bàbá.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ẹ ò lè rí i tẹ́ ò bá béèrè. Ẹ máa gba àárín àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì tokunbo kọjá, ẹ máa fo gọ́tà, páànù ló fi ṣe òrùlé, jẹnẹrétọ̀ ń ké létí yín. Bàbá jókòó lórí táyà, ó ń jẹ ẹ̀wà. Ó ní ìgbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́ òun ṣiṣẹ́ ní Vóòs, bóyá òótọ́ ni bóyá irọ́ ni mi ò mọ̀, ohun tí mo mọ̀ ni pé kò wo ọ̀dà rímù mi rárá, kò wo ibi tó jẹ. Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, ó ki ìka bọ ihò bóòtì, ó ní, "Ọmọ mi, bóòtì wo lo fi de eléyìí?"

Mo mú ọ̀kan jáde. Ó mú máákà dúdú, ó fi kun ọrùn bóòtì náà yí po, ó kì í bọ ihò, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ ọ́, ó gbé e sójú mi. Ibi tó ti fara kan rímù ò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, bí òwú, gbogbo ìyókù dúdú bó ṣe wà. Ó ní ṣé mo rí i. Bóòtì tó bá Ìjàpá wá láti ilé-iṣẹ́, ọrùn ẹ̀ yípo bí ìdajì bọ́ọ̀lù, torí bẹ́ẹ̀ ni ihò rímù irin ṣe rí. Ti EMPI yìí, ihò ẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ bí fọ́nẹ́ẹ̀lì tá a fi ń rọ kẹrosíìnì. Bọ́ọ̀lù ò lè jókòó nínú fọ́nẹ́ẹ̀lì kó fìdí múlẹ̀, òwú yẹn nìkan ló di gbogbo mọ́tò mú. Ó wá mú bóòtì mìíràn nínú ife gíláàsì kan, ọrùn tiẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́, ó kùn ún, ó yí i, ó yọ ọ́, máákà ti parẹ́ lọ́rùn ẹ̀ yí po, ihò rímù sì ti dúdú. Mo dákẹ́. Ọdún méjì ni mo fi ka ìròyìn rímù lórí fóònù, mi ò rí ẹni tó fi hàn mí báyẹn rí.

Kò tíì parí o. Ó ní ọ̀dà tí wọ́n fọ́n sínú ihò bóòtì náà wà nínú ohun tó tú u, torí ọ̀dà máa ń rọ̀ tó bá gbóná, ó máa ń tẹ̀, bó bá sì ti tẹ̀ bóòtì ti dẹ̀ nìyẹn. Ó wá gbé rímù sí họ́ọ̀bù, ó ń fi ọwọ́ yí bóòtì mi àtijọ́ wọlé, ó ń kà á sókè bí ọmọ jẹ́léósinmi: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó dé ẹ̀fà ló le. Ó ní kò tó. Bóòtì Ìjàpá fẹ̀ ní mìlímítà 14, yíyí kan ń wọlé ní mìlímítà kan àbọ̀, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kó tó le, kí ohun tó wọlé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bó ṣe fẹ̀. Álọ́ì nípọn ju irin lọ, ó ti jẹ nínú gígùn bóòtì. Ẹ má sì ra èyí tó gùn jù, ó máa yọ sínú dúróòmù bíréèkì ó sì máa kan nǹkan níbẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni mo rà, ₦48,000, Bàbá ló júwe ẹni tó ń tà á.

Iṣẹ́ ara rímù wá kù. Ó fi ìkunra tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀dà, èyí tí kì í jẹ alumíníọ̀mù, yọ gbogbo ọ̀dà àti fílà yẹn, ó fọ̀ ọ́ gbẹ, ó fọ́n oje pupa kan sí i, ó nù ún kúrò, ó wá fọ́n ẹfun funfun lé e. A jókòó. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lórí rímù kan, ìlà pupa kan yọ lórí funfun létí ẹ̀, ó gùn tó èékánná mi. Rímù ti lanu níbẹ̀, ojú lásán ò sì lè rí i. Bàbá ní orí mi ṣe é pé etí ló wà, ká ní ìdí sípóòkù ni àbí ẹ̀gbẹ́ ihò bóòtì, òun ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni jó o, òun máa ní kí n fi ṣe tábìlì. Ó gbé e fún wẹ́dà tó ń fi gáàsì ágọ́ọ̀nù jó alumíníọ̀mù, wọ́n gbé e dé wọ́n ri í sínú omi, kò yọ afẹ́fẹ́.

Ibi tí kọ́sítíìkì jẹ ńkọ́? Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, fá etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ẹ́rẹ́, ìyókù ọwọ́ ni, sanpépà 180, 320, 600, títí dé 1000 pẹ̀lú omi, ọmọṣẹ́ méjì ló ń fọwọ́ ra á lójoojúmọ́. Rímù kan ṣì ní àpá lára sípóòkù méjì. Mo ní kí wọ́n fi fílà dí i, Bàbá ní rárá, pé àpá sàn ju irọ́ lọ, ó tún ní tí mo bá fẹ́ fílà mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnu ẹ̀ mú o, ẹ múra sílẹ̀.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni bó ṣe dí ihò bóòtì kó tó fọ́n ọ̀dà. Ṣùkù àgbàdo! Bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi dí ìgò epo, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ ṣóńṣó, ó kì í bọ ihò mẹ́rìndínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sé pẹ́kípẹ́kí, ó wá fi téèpù bo ẹ̀yìn ibi tó máa fara kan họ́ọ̀bù. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù ló kọ́kọ́ fọ́n, torí ọ̀dà lásán kì í dì mọ́ ọn, lẹ́yìn ìyẹn dúdú láàárín sípóòkù, ó wá fi etí àti ojú sípóòkù sílẹ̀ ní dídán láìbò ó. Mo ní ṣé kò ní fi kílíà, ọ̀dà tí kò láwọ̀, bò ó ni, ó ní kílíà lórí alumíníọ̀mù dídán, bí òkúta bá ti ta á lẹ́ẹ̀kan, omi iyọ̀ Èkó á gba ibẹ̀ wọlé, á máa rìn lábẹ́ ẹ̀ bí ekòló. Kí n máa fi wáàsì tí wọ́n fi ń dán mọ́tò nù ún lóṣooṣù. Mo bi í léèrè ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń yan nínú ààrò, ó ní ooru yẹn ń tó 200 dígírì, álọ́ì tó ti dàgbà máa ń tú afẹ́fẹ́ sínú ọ̀dà, á sì kún fún ihò abẹ́rẹ́, òun ò ṣe é.

Táyà, 165/80 oníínṣì 15 ni mo rà, tuntun. Àwọn tó ń tà ní Ladipo fẹ́ kó tokunbo 185/65 fún mi, wọ́n ti fi nǹkan kùn ún ó ń dán bí bàtà sójà, mo wo nọ́ńbà mẹ́rin ìdí ẹ̀, 1209, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2009. Mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá lọ.

Nígbà tí wọ́n ń de é, kò síbọn afẹ́fẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi yí bóòtì wọlé, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀, Bàbá fúnra ẹ̀ wá mú sípánà tó ń ka agbára jáde nínú aṣọ bí ìgbà téèyàn ń mú Bíbélì. Ó tún ìdérí girísì ṣe, ó fi píìnì tuntun sí wáyà, ọwọ́ sípídómítà gbéra. Ó ní kí n rin bí ọgọ́rin kìlómítà kí n padà wá kóun tún un fún. Mo padà, méjì nínú mẹ́rìndínlógún gbà díẹ̀ sí i. Láti ìgbà yẹn, oṣù méje rèé, mo ti fi lọ Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀kan ò tú.

Àléébù Bàbá? Ó pọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló dá fún mi, ọ̀sẹ̀ méje ló lò. Kì í gbé fóònù. Kò sí rìsíìtì, ẹ̀yìn páálí sìgá ló kọ owó sí, ₦160,000 fún gbogbo ẹ̀ títí kan wẹ́dà àti tọ́nà. Dúdú rímù ẹ̀yìn lọ́tùn-ún jinlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ torí ọ̀dà tán láàárín iṣẹ́ tó sì po òmíràn, ẹ máa rí i lójú oòrùn. Kò sílé ìtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kánjú fún ìgbéyàwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀, Bàbá gba mẹ́rin nínú márùn-ún, tibi oní-Maltina, ọ̀kan ni, Maltina yẹn ló gbà á.

Ohun kan péré ló kù tí Bàbá rán mi létí lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó dẹ̀ ń jẹ ẹ̀wà náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní sípíà táyà tó wà nínú búùtù iwájú, èyí tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń ti omi sójú gíláàsì, rímù irin ṣì ni, bóòtì tuntun yìí ò bá a mu. Bóòtì àtijọ́ mẹ́rin ti wà nínú agolo Milo lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì báyìí, mo fi aṣọ dí i kó má baà máa dún.